Ta Ló Dá Ilé Ọmọ Sílẹ̀?

Láti ìdájí ni Akunlé ti ń kọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ pípa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò wọ ìyá lórí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Mo ti di ọkùnrin kánsù. Mo ti wọlé, mo ti kí yín. Mo wá bi yín pé, 'Màmá, kí ló mú yín dá Ilé Ọmọ sílẹ̀?' Kí lẹ máa sọ?"

Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọmọ kan lórí itan ọ̀tún, ọmọ kan lórí itan òsì, ẹ̀kẹta dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa gèlè rẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

"Màá ní kó jókòó."

"Tó bá ti jókòó ńkọ́, mà?"

"Màá bi í bóyá ó ti jẹun."

Akunlé di orí mú. Iṣẹ́ ilé kíkùn ló ń ṣe, ọ̀dà funfun kì í sì í kúrò ní etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ló gbà pé Ọlọ́run dìídì fi jíǹkí òun. Ó ti hun ìtàn tó máa dùn létí kánsù, ó ti há a sórí. Ìyá yìí nìkan ló kù kó gbè é lẹ́sẹ̀.

"Àlá ni kẹ́ ẹ sọ pé ẹ lá, mà! Ẹ ní lóru ọjọ́ kan, ẹ rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lójú àlá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń na ọwọ́ sí yín. Ẹ ta jí. Ẹ dìde. Ẹ ní, 'Ọmọ kankan ò ní sunkún mọ́ ládùúgbò yìí!'"

"Èmi kì í lálàá," Màmá dáhùn. "Ta ló rí oorun sùn nínú ilé yìí débi tó máa lálàá?"

Àbígbẹ̀yìn wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń fọ ife àwọn ọmọ. Òun ni àbígbẹ̀yìn Màmá, òun náà sì ni ìyàwó Akunlé. Lọ́jọ́ míì, irú ọ̀rọ̀ báyìí á pa á lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rín kọ̀, kò wá. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun tí ọkùnrin kánsù bá fajú ro jáde.

Pálọ̀ wọn ni Ilé Ọmọ. Ẹní tẹ́ láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì to póò sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, débi pé àlejò tí kò bá wolẹ̀ á ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan. Láràárọ̀, kí fèrè ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tó wà ní ìparí òpópónà tó dún, àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á ti gbé ọmọ wọn dé, wọ́n á gbé wọn kalẹ̀, wọ́n á sáré. Àbígbẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ń gé búrẹ́dì níbẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ló ń fa gèlè Màmá yẹn.

Kánsù wá ṣòfin tuntun. Wọ́n ní ilé èyíkéyìí tó bá ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ ní olùdásílẹ̀, olùdásílẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní ète. Èyí tó bá ní méjèèjì, kánsù á máa fún un lówó nìṣó. Èyí tí kò bá ní, wọ́n á tì í pa lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì tó ro irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde, kò tíì wá ibi tí yóò gbé ọmọ sí lówùúrọ̀ rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wá a.

Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì náà sì ti ṣe òfin tiwọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn díẹ̀ kò fẹ́ gbé e sáàárín àwọn tó kù, ló bá fi í pa mọ́ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Ọmọ rá jáde lọ́sàn-án gangan, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú nìkan ló dúdú. Àwọn oníbàárà tó wà lórí ìlà fi bàtà sílẹ̀ sá lọ. Máníjà lé ìyá náà lọ lójú ẹsẹ̀, ó ní obìnrin tó bá tún gbé ọmọ wọ inú ilé-iṣẹ́ òun, kó máa bá ọmọ náà lọ sílé. Bí wọ́n bá ti Ilé Ọmọ pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àbígbẹ̀yìn nìyẹn. Ta ló sì ń kun ilé lásìkò òjò?

"Màmá," ó ké láti ẹ̀yìn, "ẹ ṣáà sọ pé ẹ fẹ́ràn ọmọdé."

"Mo fẹ́ràn wọn," Màmá ní, "ṣùgbọ́n mi ò dá nǹkan kan sílẹ̀ o."

"Òótọ́ ni! Ẹ ò dá a sílẹ̀!" ni ẹnìkan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ni. Ó ti gẹ irun ara rẹ̀, ó ti gẹ irùngbọ̀n, ó wọ agbádá tí wọ́n ti lọ̀ títí ó fi ń dán. Àbígbẹ̀yìn rí i pé ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ni.

"Èmi ni olùdásílẹ̀," Onígbàjámọ̀ ní. "Bẹ́ńṣì ta ni Màmá jókòó lé? Tèmi ni! Bẹ́ńṣì ló kọ́kọ́ wà kí ọmọ kankan tó dé. Kí kánsù bá èmi sọ̀rọ̀."

"Ẹ gbọ́ mi, bàbá," Akunlé ní, "ṣé bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú yìí náà? Ẹ fẹ́ dà á nù ni ẹ fi ní kí Màmá máa gbé e lọ!"

"Ìwọ ta lo mọ̀ nígbà yẹn? O ò tíì gbé ìyàwó! Ilé adìẹ lò ń kùn kiri!"

"Ilé adìẹ? Èmi?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú lóòótọ́," Màmá ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Onígbàjámọ̀ nínú. Ó ní bí wọn ò bá mọ rírì bẹ́ńṣì, òun á gbé bẹ́ńṣì òun lọ. Ó ká agbádá sórí èjìká, ó gbé orí bẹ́ńṣì kan sókè, pẹ̀lú Màmá lórí rẹ̀. Akunlé di orí kejì mú. Àwọn ọmọ rò pé eré tuntun ti dé, gbogbo wọn bá gùn ún, wọ́n ń pariwo, "Ẹ tún ṣe é! Ẹ tún ṣe é!" Bí Onígbàjámọ̀ ṣe ń fà síbí, ni Akunlé ń fà sọ́hùn-ún, Màmá sì jókòó sáàárín, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú.

"Ẹ sọ Màmá kalẹ̀!"

Obìnrin tó kígbe yìí ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbóná-gbóná ni gbogbo ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ń pè é, torí pé kì í rìn, sísá ló máa ń sá. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, òun náà sì ni ìyá tó kọ́kọ́ gbé ọmọ fún Màmá rí. Àbígbẹ̀yìn ló bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹ́rìí.

"Ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀gbọ́n mi," Àbígbẹ̀yìn ní. "Ó ṣojú yín. Ta ló dá a sílẹ̀?"

"Ṣé ìyẹn náà lẹ fi ń jà? Ṣebí ilé-iṣẹ́ ló fi Màmá síbẹ̀."

"Ilé-iṣẹ́ wo?" Màmá bi í.

"Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, mà. Àwọn tó gbà yín síṣẹ́."

"Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́ rí."

Gbóná-gbóná, tí kì í dúró lójú kan, dúró.

"Màmá, ẹ wọ aṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu géètì wa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọṣẹ wà nínú rẹ̀."

"Mo ń ti ibi tí mo ti lọ ra ọṣẹ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ni. Gbogbo aṣọ mi ló wà nínú omi, funfun yẹn ló kù. Orúnkún ń dùn mí, mo ní kí n sinmi díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ló bá di pé o sáré dé, o kúnlẹ̀, o ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.' Mo ń rò ó pé iṣẹ́ wo? Kí n tó lanu, ọmọ ti wà lórí itan mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí padà, mà?"

"Mo pè ọ́. Fèrè ń dún."

"Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ kejì, mo wá láti sọ fún ẹ pé o ṣàṣìṣe. Mo bá ìwọ àti àwọn méjì míì níbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ gbé ọmọ dání, ẹ ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, mà.' Ta ló máa wo ojú ẹni tó kúnlẹ̀, kó ní kó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú òun?"

Gbóná-gbóná fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà rò ó lẹ́ẹ̀kan pé kí n bi yín, mà. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe bi àgbàlagbà pé, 'Ta ló gbà yín síṣẹ́?' Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé."

Àbígbẹ̀yìn sọ ife tó ń fọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní ìlú míì ló ń gbé nígbà tí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀; ó padà dé, ó bá ilé tó kún fún ọmọ, òun náà ò sì bèèrè.

"Màmá," ó ní, "owó tí ilé-iṣẹ́ ń fún yín lóṣooṣù ńkọ́?"

"Owó díẹ̀ ni. Akọ̀wé wọn ní kí n fi kún èyí tí kánsù ń san."

"Èyí tí kánsù ń fún yín ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ní kí n fi kún èyí tí ilé-iṣẹ́ ń san."

"Owó oṣù tí àwọn méjèèjì ń fi kún gan-an ńkọ́? Ta ló ń san ìyẹn?"

Màmá wo òkè àjà. "Èmi náà máa ń rò ó," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó jọ ojúkòkòrò, mi ò bèèrè."

Inú bí Àbígbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yìí wá ni ìyá òun ti ń nu ìdí ọmọ gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú orúnkún tí kò gbádùn, tí ń fi owó ọṣẹ ra mílíìkì. Máníjà ń ta búrẹ́dì, kánsù ń gba owó orí, àwọn ìyá ń rí ibi iṣẹ́ lọ, gbogbo ayé rò pé ẹlòmíì ló ń sanwó, gbogbo ayé sì ti mọ̀wà hù. Inú bí i sí wọn. Inú bí i sí ara rẹ̀ náà.

"Àlá yẹn ṣì dára jù," Akunlé rọra wí.

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kanlẹ̀kùn.

Ọkùnrin kánsù wọ súùtù dúdú, ó sì lo táì. Ó wọlé tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó yẹra fún póò àkọ́kọ́, ó ti ẹsẹ̀ bọ èkejì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti yọ ẹsẹ̀ ni wọ́n tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìró olódòdó pọn ọmọbìnrin jòjòló kan sórí súùtù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹ̀yìn mi," ó ní. "Ìyàwó mi rìnrìn àjò iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá wa tọ́jú ọmọ ò wá lónìí. Mo wá nítorí ọ̀rọ̀ kánsù."

"Jókòó, ọmọ mi," Màmá ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Kò lè fẹ̀yìn ti àga nítorí ọmọ. Màmá bá tú ìró náà, ó gba ọmọ, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó sì ní omi ti rin ín jìnnà. Kí ọkùnrin náà tó rí ohun tó máa sọ, ó ti pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀, ó ti fún un ní mílíìkì, ọmọ ti ń gé gèlè jẹ pẹ̀lú àwọn tó kù.

"Lóru ọjọ́ kan," Akunlé bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, "nígbà tí gbogbo ayé ti sùn…"

"Èmi ni mo ni bẹ́ńṣì," Onígbàjámọ̀ ní.

"Ẹ jẹ́ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́," ọkùnrin kánsù ní. "Màmá, ẹ̀yin lẹ dá ilé yìí sílẹ̀?"

Àbígbẹ̀yìn wo ojú ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ kó purọ́, a ò ní fi bò. Ó fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó fi ètè bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn, tó ń lálàá.

"Rárá o," Màmá ní. "Ọṣẹ ni mo lọ rà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin kánsù gbọ́ ọ tán, ó nu ojú, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òfin ò ní ibi tí wọ́n ń fi irú èyí sí. Ilé tí kò ní olùdásílẹ̀, tí kò ní ète, kì í ṣe ilé ọmọ. Ibi tí ọmọ kàn wà ni.

"Ṣé kí àwọn ọmọ wá kúrò níbi tí wọ́n kàn wà ni?" Àbígbẹ̀yìn bi í, omi ti lé sójú rẹ̀. "Kí wọ́n lọ síbo, sà?"

Fóònù dún nínú àpò ọkùnrin kánsù kó tó dáhùn. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ le tóbẹ́ẹ̀ tí gbogbo pálọ̀ fi gbọ́ ọ: gbogbo ìpàdé ti jókòó, òun ni wọ́n ń dúró dè. Ó fò dìde. Ó wá báàgì rẹ̀, ó rí i. Ó dojú kọ Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ìyókù há sáàárín àga àti póò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ó ní, ó sì sáré jáde.

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Ọmọ rẹ̀!" Àbígbẹ̀yìn pariwo. Ó gbá ìlẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà ti gun ọ̀kadà, ìró olódòdó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní èjìká rẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún.

"Fi í sílẹ̀," Màmá ní. "Má pè é."

"Màmá!"

"Mo ní fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ló ń sáré lọ. Ìwọ náà, iṣẹ́ ọ̀sán rẹ ti tó."

Kí Àbígbẹ̀yìn tó dé géètì ilé-iṣẹ́, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní Màmá ti gba ọmọ kánsù, pé kò ní dá a padà àfi tí wọ́n bá yí òfin padà. Ẹnìkan ní kì í ṣe ọmọ kan, ìbejì ni. Gbogbo ọ̀sán yẹn, bí fóònù bá ti dún níbì kan, Àbígbẹ̀yìn á rò pé ọlọ́pàá ni. Búrẹ́dì tó gé lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nípọn bí ìrọ̀rí, ọ̀kan fẹ́lẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Máníjà wò ó, ó wo búrẹ́dì, ó sì ní tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á ṣiṣẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, òun àti Gbóná-gbóná jọ sáré dé ilé. Àwọn ìyá ti tò sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, tí Màmá á máa gbé ọmọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kánsù wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó gbé búrẹ́dì kan há abíyá, ó ń wo ilẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì ń sún síwájú bí ìlà ṣe ń sún.

Ó kàn án. Ó na búrẹ́dì sí Màmá.

"Mà, ẹ forí jì mí. Inú ìpàdé ni mo ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi." Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Gbogbo wọn ló ń gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà… ìgbà wo lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀?"

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, kò nà án síta.

"Màá dá ọ lóhùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìbéèrè kan. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. Ọmọ mi, ta ló ń san owó oṣù mi?"

Ẹ̀rín dá. Gbóná-gbóná tẹrí ba. Ọkùnrin kánsù lanu, ó ní, "Mo rò pé ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì…" Ó pa á dé fúnra rẹ̀.

Ọmọ na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. Màmá gbé e sí èjìká kejì.

Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ kúrú wà. Bẹ́ńṣì dà á síwájú, ó di ògiri mú. "Màmá," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kí n tún yín bi. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́ o. Ìgbà wo lẹ dá ilé yìí sílẹ̀?"

Akunlé fi ìka méjèèjì ti ojú ara rẹ̀ pa, ó ń júwe àlá fún un láti ẹ̀yìn.

"Lónìí," Màmá ní.

"Lónìí, mà?"

"Àwọn tó kù, wọ́n kàn gbé wọn fún mi ni, mi ò rí ẹnu kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ gbàgbé tìrẹ, àbígbẹ̀yìn mi yìí fẹ́ pè ọ́, èmi ni mo ní kó má pè ọ́. Mo lè fi ọ̀kadà lé ọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà."

"Ète ńkọ́, mà?"

"Kí ìwọ náà lè ráyè lọ síbi iṣẹ́."

Ọkùnrin kánsù mi orí, ó tún mi orí. Ó ní olùdásílẹ̀ wà, ète wà, òun fúnra òun sì ni ẹlẹ́rìí. Ó ní lọ́la, kí òun tó jókòó sí ọ́fíìsì, òun á sọ fún wọn pé owó oṣù ni wọ́n máa san, kì í ṣe àfikún, ẹni tó bá sì ní òun ò gbà, kó wá gba ọmọ yìí pọ̀n.

Ìgbà náà ni Màmá gbé ọmọ fún un. Ó bá a di ìró olódòdó náà mọ́ ọn, ó fà á le. "Tètè gbé e wá láàárọ̀," ó ní, "kó o sì mú póò rẹ̀ dání."

Nígbà tí ìlà tán, Àbígbẹ̀yìn ká ẹní, ó wá bíríkì kékeré kan síbi ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì tó kúrú. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń dùn lé itan, ó ń wọ́ ọ. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ ìyá ẹni fún ohun tí kò bèèrè, ló bá ń wọ́ ọ lọ.

Akunlé ṣì dúró láàárín pálọ̀, ìtàn rẹ̀ kún ẹnu. "Màmá, gbogbo àlá tí mo kọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Màmá ti di ojú.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn ná," ó ní.